Lilias Trotter: Obìnrin Tí Ó Fi Ẹ̀bùn Rẹ̀ Lé Ọlọ́run Lọ́wọ́

Obìnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú wa má tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Síbẹ̀, ó ti pẹ́ tí a ti ń kọ orin tí ó ti inú ìwé rẹ̀ jáde. Orin náà ni èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Turn Your Eyes Upon Jesus, tí a máa ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ nígbà àdúrà. Helen Lemmel ni ó kọ orin náà, ọmọ oníwàásù ìjọ Wẹ́sílì ni, England ni wọ́n sì ti bí i kí ó tó di ará Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1918 ni ìwé pélébé kan tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bí ó ti kà á tán ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́kàn, orin sì ti ibẹ̀ bí.

Ta ni ó wá kọ ìwé pélébé náà? Isabella Lilias Trotter ni, míṣọ́nnárì tí ó lo ogójì ọdún ní ilẹ̀ Algeria, ní ìhà àríwá Áfíríkà, láàrin àwọn Mùsùlùmí. Ẹ jẹ́ kí a jókòó ti ìtàn rẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ẹ̀kọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ fún àwa obìnrin.

ILÉ ỌLỌ́LÁ NI WỌ́N TI BÍ I

Ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1853 ni wọ́n bí Lilias sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Olówó ni bàbá rẹ̀, Alexander Trotter. Ìyá rẹ̀, Isabella, sì jẹ́ obìnrin tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Kò sí ohun tí ọmọ ń fẹ́ tí Lilias kò ní. Ó ní àwọn olùkọ́ tí ń wá kọ́ ọ nílé, ó ní ẹgbọ́n àti àbúrò, wọ́n sì máa ń rin ìrìn àjò lọ sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 12 ni ó wà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ọ̀fọ̀ ńlá ni fún un, nítorí pé ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ púpọ̀. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sọ pé láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ ti ń fà sí ọ̀dọ̀ Ọlọ́run.

Nígbà tí ó ti lé lógún ọdún, òun àti ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí àwọn ìpàdé ìjíǹde ẹ̀mí tí wọ́n ń ṣe ní England ní ọdún 1874 àti 1875. Ohun tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀ ni pé kí onígbàgbọ́ fi gbogbo ara rẹ̀ jìn fún Olúwa, kí ó má ṣe fi apá kan pamọ́. Lilias gba ẹ̀kọ́ náà gbọ́, kò sì fi í mọ sórí ẹnu. Ó lọ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́bìnrin Onígbàgbọ́, YWCA, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ìgbà náà, àwọn ọmọbìnrin tí ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kì í rí ibi jẹun ọ̀sán. Orí òkúta ẹ̀bá títì ni ọ̀pọ̀ ń jókòó sí láti jẹ oúnjẹ tí wọ́n dì wá láti ilé. Lilias àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ilé oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn, níbi tí wọ́n ti lè jẹun ní ẹ̀dínwó. Ní òru ẹ̀wẹ̀, ọmọ olówó yìí á dá nìkan jáde lọ sí àyíká ibùdókọ̀ rélùwéè Victoria, á máa wá àwọn ọmọbìnrin tí ń ṣe aṣẹ́wó kiri, á sì mú wọn lọ sí ibi tí wọ́n lè sùn sí, kí wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Ẹ̀BÙN ỌWỌ́ RẸ̀

Nǹkan kan wà tí Ọlọ́run fi jíǹkí Lilias láti kékeré: ó mọ àwòrán yà. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Bí ó bá rí òkè, tàbí ewé, tàbí ojú ọmọdé, ọwọ́ rẹ̀ á kàn máa lọ lórí ìwé ni.

Ní ọdún 1876, òun àti ìyá rẹ̀ lọ sí ìlú Venice ní ilẹ̀ Ítálì. Wọ́n gbọ́ pé John Ruskin wà nítòsí ní ìlú náà. Ní England lákòókò yẹn, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí àwòrán tó ti Ruskin. Bí ó bá yin ayàwòrán, onítọ̀hún ti di ẹni ńlá nìyẹn, bí ó bá sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ó parí fún un. Bí ìyá ti í ṣe ìyá, ìyá Lilias kó díẹ̀ nínú àwọn àwòrán ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ó ní kí ó jọ̀wọ́ bá òun wò wọ́n. Kò dá Ruskin lójú pé obìnrin lè ya àwòrán dé ojú àmì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọbìnrin yìí, ẹnu yà á. Ó mú Lilias ní akẹ́kọ̀ọ́, ó ń gbà á lálejò ní ilé rẹ̀, ó sì ń fi àwọn àwòrán rẹ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Oxford.

Ohun kan ṣoṣo ni kò tẹ́ Ruskin lọ́rùn. Ó rí i pé àwọn aṣẹ́wó àti ọmọ ṣọ́ọ̀bù ni ó ń gba àkókò ọmọ náà. Ní ọdún 1879 ó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún un láìfi bò. Ó ní bí ó bá lè fi gbogbo ara rẹ̀ fún àwòrán yíyà, yóò di ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán tí ó tóbi jù lọ ní ayé ní ìgbà ayé rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní parun láé.

ÌPINNU TÍ KÒ RỌRÙN

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń rò pé ohun búburú nìkan ni Ọlọ́run lè ní kí a fi sílẹ̀. Àwòrán yíyà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó fún un ní ẹ̀bùn náà. Ẹni tí ó sì ń pè é wá sí ọ̀nà yìí kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni, ó sì fẹ́ ire fún un. Lilias kò sùn dáadáa ní àwọn ọjọ́ náà. Ó fẹ́ràn àwòrán yíyà dé ìwọ̀n tí ó jẹ́ pé èrò àtifi í sílẹ̀ ń dùn ún bí ọgbẹ́. Ó gbàdúrà, ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Níkẹyìn ó rí i kedere pé òun kò lè fi gbogbo ọkàn lé àwòrán bí Ruskin ti ń fẹ́, kí òun sì tún máa wá ìjọba Ọlọ́run àti òdodo rẹ̀ ṣáájú (Mátíù 6:33). Ó yan èkejì. Ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù, sí àárín àwọn ọmọbìnrin rẹ̀.

Inú Ruskin kò dùn, ṣùgbọ́n wọn kò torí ẹ̀ di ọ̀tá. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n títí Ruskin fi kú ní ọdún 1900. Lilias kò sì bínú sọ ohun èlò àwòrán rẹ̀ nù. Ohun tí ó fi lélẹ̀ ni òkìkí. Ẹ̀bùn náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń dúró de ìgbà tí Olúwa yóò tún béèrè rẹ̀. Ẹ ó rí bí Ọlọ́run ṣe lò ó.

ÌPÈ SÍ ÀRÍWÁ ÁFÍRÍKÀ

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1887, Lilias wà ní ìpàdé kan tí Edward Glenny ti ń sọ̀rọ̀ nípa àríwá Áfíríkà. Glenny bi àwọn èrò bóyá ẹnìkan wà níbẹ̀ tí Ọlọ́run ń pè lọ sí ilẹ̀ náà. Lilias dìde dúró. Ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ tí ó pé ọdún 34 ni ó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ti Àríwá Áfíríkà pé òun fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò le, dókítà kò sì fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ́ náà kò lè gbà á bí òṣìṣẹ́ wọn.

Ǹjẹ́ ó wá jókòó bí? Rárá o. Ó ní owó díẹ̀ tí ó lè fi bọ́ ara rẹ̀, ó sì pinnu láti lọ lórí ìnáwó ara rẹ̀, kí òun pẹ̀lú ẹgbẹ́ náà kàn máa ṣe ọ̀rẹ́ ara wọn. Obìnrin méjì mìíràn bá a lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Blanche Haworth, ẹni tí ó dúró tì í fún ọgbọ̀n ọdún. Ní oṣù Kẹta ọdún 1888 ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ sí Algiers, olú ìlú Algeria. Àwọn mẹ́ta ni o: kò sí èyí tí ara rẹ̀ le tó bí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ti ń fẹ́, wọn kò mọ ẹnì kan ní ìlú náà, wọn kò sì gbọ́ èdè Lárúbáwá. Àfi ẹni tí Ọlọ́run bá rán ni ó lè ṣe irú rẹ̀.

LÁÀRIN ÀWỌN OBÌNRIN ALGIERS

Abẹ́ ìjọba Faransé ni Algeria wà nígbà náà. Àwọn Lárúbáwá ń gbé ní Kasbah, ìlú àtijọ́ tí ó wà lórí òkè, níbi tí àwọn ilé fún mọ́ra wọn tí títì kò sì ju ibi tí ẹni méjì lè gbà kọjá lọ. Inú ilé ni àwọn obìnrin wọn wà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ọkùnrin àjèjì kò gbọdọ̀ wọlé tọ̀ wọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni Ọlọ́run ti rí ìlò obìnrin. Lilias àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bá àwọn ọmọdé ṣọ̀rẹ́ ní títì. Àwọn ọmọdé mú wọn dé ọ̀dọ̀ ìyá wọn, ilẹ̀kùn sì ṣí. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́, wọ́n ń tọ́jú aláìsàn, wọ́n ń sọ ìtàn Jésù. Ní ọdún 1893 wọ́n kó wọ inú Kasbah fúnra rẹ̀, wọ́n ń gbé láàrin àwọn ènìyàn náà.

Ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa, iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ẹni tí ó bá gba Jésù gbọ́, àwọn ẹbí rẹ̀ lè lé e jáde, wọ́n lè nà án, ọkọ sì lè kọ ìyàwó. Àwọn kan gbàgbọ́ tí wọ́n sì tún padà nítorí ẹ̀rù. Ìgbà kan wà tí àwọn aláṣẹ Faransé ń fura sí àwọn obìnrin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì yìí, tí wọ́n ń ṣọ́ wọn, tí àwọn aládùúgbò sì ń bẹ̀rù àtiwá sílé wọn. Àìsàn kò sì jẹ́ kí Lilias sinmi. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó di dandan kí ó padà sí Yúróòpù fún ìsinmi oṣù bí mélòó kan. Bí a bá ní kí a ka iye ọkàn tí ó dúró ṣinṣin ní ọdún bíi mẹ́wàá àkọ́kọ́, kò ní pọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbin èso kò gbọdọ̀ máa hú u wò lójoojúmọ́.

IṢẸ́ ÌWÉ

Ibí yìí ni ẹ̀bùn tí ó fi lélẹ̀ ti jí dìde. Lilias rí i pé ibi tí ẹsẹ̀ míṣọ́nnárì kò lè dé, ìwé lè dé ibẹ̀. Ẹni tí kò lè jókòó gbọ́ ìwàásù lójú ènìyàn lè mú ìwé pélébé wọ iyàrá rẹ̀ lóru kí ó kà á. Ṣùgbọ́n ó tún rí i pé àwọn ìwé tí wọ́n ń kó wá láti Yúróòpù kò bá ojú àwọn Lárúbáwá mu. Bí ẹni gbé aṣọ ẹlòmíràn wọ̀ ni ó rí. Nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn àti òwe tí wọ́n lè gbádùn, ó ń lo ohun tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́, ó sì ń fi àwòrán ilé wọn àti ilẹ̀ wọn ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ọwọ́ tí Ruskin yìn ni ó ń ya àwòrán sí ara ìwé tí wọn yóò fún ọlọ́jà àti darandaran.

Ó tún bìkítà nípa èdè. Èdè Lárúbáwá tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń kọ̀wé yàtọ̀ sí èyí tí ìyá ń bá ọmọ rẹ̀ sọ ní Algiers. Lilias àti àwọn míràn ṣiṣẹ́ pọ̀ láti túmọ̀ apá kan nínú Májẹ̀mú Tuntun sí èdè tí ará ilé ń sọ. Lára àwọn tí ó bá a ṣe é ni Percy Smith, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì. Nígbà tí Annie Van Sommer, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣètò ilé ìtẹ̀wé tí wọ́n ń pè ní Nile Mission Press ní Cairo, ní ilẹ̀ Íjíbítì, ní ọdún 1905, Lilias di ọ̀kan nínú àwọn tí ń kọ̀wé fún wọn, àwọn ìwé rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn káàkiri.

Àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà jàǹfààní. Ó kọ Parables of the Cross àti Parables of the Christ-life, ó sì ya òdòdó, ewé àti irúgbìn sínú wọn. Ó fi bí ewéko ti ń kú kí irúgbìn tó jáde ṣàlàyé ìgbésí ayé ẹni tí ó kú sí ara rẹ̀. Ìwé pélébé tí ó di orin, Focussed ni orúkọ rẹ̀. Inú igbó ni ó wà ní òwúrọ̀ kan, ó rí ohun kan tí ń tàn yanran. Nígbà tí ó súnmọ́ ọn, òdòdó ìgbẹ́ lásán ni, aláwọ̀ ìyeyè, irú èyí tí a máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Oòrùn ni ó kọjú sí, ìdí nìyẹn tí ó fi ń tàn. Láti ibẹ̀ ni ó ti kìlọ̀ fún wa pé ohun tí ó dára lè dí wa lójú kí a má rí èyí tí ó dára jù. Ó ní kí olúkúlùkù yẹ ibi tí èrò ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń lọ wò nígbà tí ó bá jí lówùúrọ̀.

Ẹni tí ó fi òkìkí àwòrán sílẹ̀ ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀ o. Ó ti ṣe é kí ó tó kọ ọ́.

Ó GUN RÀKÚNMÍ LỌ SÍ AṢÁLẸ̀

Lilias kò jókòó sí Algiers nìkan. Òun àti Blanche gun ràkúnmí wọ inú aṣálẹ̀ Sàhárà, wọ́n dé Biskra, Touggourt àti ilẹ̀ Souf, wọ́n sì dé Tozeur ní Tunisia. Wọ́n ń pín ìwé, wọ́n ń bá àwọn ènìyàn jókòó sọ̀rọ̀. Ní ibẹ̀ ni ó ti pàdé àwọn Súfì, àwọn Mùsùlùmí tí ń fi ààwẹ̀ àti àdúrà wá Ọlọ́run tọkàntọkàn. Kò fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ó rí i pé òùngbẹ Ọlọ́run ń gbẹ wọ́n. Nígbà tí ó yá, ó kọ̀wé kan fún wọn, The Way of the Sevenfold Secret, tí ó jáde ní ọdún 1926. Ọ̀nà méje tí Jésù gbà pe ara rẹ̀ nínú Ìhìnrere Jòhánù ni ó fi tò ó: oúnjẹ ìyè, ìmọ́lẹ̀, ìlẹ̀kùn, olùṣọ́-àgùntàn rere, àjíǹde, ọ̀nà àti àjàrà.

Ní ọdún 1907 iṣẹ́ náà gba orúkọ Algiers Mission Band. Ní ọdún kan náà, ọkọ̀ ojú omi tí ó kó àwọn aṣojú lọ sí àpéjọ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi gbogbo ayé ní Róòmù yà ní Algiers. Lilias àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà wọ́n lálejò, wọ́n sì sọ bí àìní ilẹ̀ náà ti pọ̀ tó. Ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn Mẹ́tọ́díìsì Amẹ́ríkà tí ó wà láàrin wọn lára, ní ọdún 1908 ni Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àríwá Áfíríkà. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1920, ẹgbẹ́ Lilias ti ní òṣìṣẹ́ 30 àti ibùdó ìwàásù 15.

ÌGBÀ ÌKẸYÌN RẸ̀

Ní àwọn ọdún ìkẹyìn, àyà rẹ̀ kò gbé e mọ́, orí ibùsùn ni ó wà. Síbẹ̀ kò ṣíwọ́ ìwé kíkọ, kò sì ṣíwọ́ àdúrà fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní orúkọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní òpin oṣù Kẹjọ ọdún 1928, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yí i ká, wọ́n ń kọrin. Ó wo ojú fèrèsé, ó ní òun rí kẹ̀kẹ́ àti ẹṣin. Ẹnìkan bi í bóyá ohun tí ó dára ni ó ń rí, ó sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ohun dáradára púpọ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi sùn nínú Olúwa, ní ẹni ọdún 75.

Ẹgbẹ́ rẹ̀ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ti Àríwá Áfíríkà ní ọdún 1964, ìyẹn ẹgbẹ́ tí kò lè gbà á ní ọdún 1887. Àwọn onígbàgbọ́ wà ní Algeria títí di òní, pàápàá láàrin ẹ̀yà Kabyle, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2017 ni ìjọba ti ń ti ilé ìjọsìn wọn pa. Ní ọdún 2015, wọ́n ṣe fíìmù nípa ìgbésí ayé rẹ̀, àwọn àwòrán tí kò fi wá òkìkí sì tún padà sójú ayé.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

1. Ohun tí a fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́ kì í sọnù. Bí ó ti dá àwòrán padà fún Lilias ní ọ̀nà míràn, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe fún wa.

2. Àìlera kì í ṣe àwíjàre. Dókítà kò fọwọ́ sí i, ó sì fi ogójì ọdún ṣiṣẹ́.

3. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ẹbí tí ó jẹ́ Mùsùlùmí. Kí a bá wọn gbé pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ìfẹ́, kí ìgbésí ayé wa jẹ́ ìwé tí wọ́n lè kà (2 Kọ́ríńtì 3:2).

4. Kí a má ṣe fojú kéré ìwé pélébé. Ewé kan ṣoṣo ni ó di orin tí gbogbo ayé ń kọ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ẹ̀bùn wo ni Ọlọ́run fi sí ọwọ́ rẹ? Ta ni ó ń jẹ èrè rẹ̀?

2. Ǹjẹ́ ohun dáradára kan wà tí ó ń gba ipò ohun tí ó dára jù ní ìgbésí ayé rẹ?

3. Kí ni ẹgbẹ́ wa lè ṣe láti máa fi ìwé Ìhìnrere ránṣẹ́ sí ibi tí ẹsẹ̀ wa kò dé?

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà fún àwọn arákùnrin àti arábìnrin wa ní Algeria, kí Olúwa ṣí ilẹ̀kùn tí a tì. Kí a sì gbàdúrà fún ara wa, kí ojú wa lè wà lára Jésù bí òdòdó ìgbẹ́ náà ti kọjú sí oòrùn. Àmín.